Sí ọmọ tí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú yín wá jókòó tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ó ní, "Bàbá, dókítà ní kí n má gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Kí ló tún kù fún mi níbí?" Mi ò lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èsì mi nìyí, mo sì fẹ́ kí gbogbo yín jọ kà á.

Ẹ wo José Mourinho, ọmọ Setúbal ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀, kò gbé e débì kankan. Ṣùgbọ́n akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Félix bàbá rẹ̀, láti kékeré ló sì ti ń bá bàbá yìí lọ wo ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá pàdé, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní 1992, Bobby Robson, akọ́nimọ̀ọ́gbá ará Gẹ̀ẹ́sì, dé ẹgbẹ́ Sporting ní Lisbon, kò sì gbọ́ èdè wọn. Wọ́n fi Mourinho ṣe ògbufọ̀ rẹ̀. Títí dé Barcelona ni àwọn kan ń fi "ògbufọ̀" bú u. Ẹ rò ó wò ná: ta ni ọ̀rọ̀ ọ̀gá kọ́kọ́ ń wọ̀ létí, bí kì í bá ṣe ògbufọ̀? Ó tẹ̀ lé Robson lọ sí Porto, ó bá a dé Barcelona ní 1996. Nígbà tí Robson kúrò nípò, ó tún dúró ti Louis van Gaal tó rọ́pò Robson. Ní 2004, òun fúnra rẹ̀ ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá Porto, ó kó wọn lọ na Monaco 3-0, wọ́n gba ife Champions League.

Ti André Villas-Boas tún wá wọ̀ mí lára ju ìyẹn lọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà ni òun àti Robson ń gbé ní Porto. Ọmọ ọdún 16 yìí kọ lẹ́tà, ó jù ú sínú àpótí lẹ́tà ọ̀gá náà: kí ló dé tí Robson kì í fi Domingos, agbábọ́ọ̀lù iwájú Porto, sínú eré tó? Robson kò lé e. Ó ní kó máa kọ àkíyèsí rẹ̀ wá, ó sì bá a wá ọ̀nà ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tí kò gbá bọ́ọ̀lù jẹun rí gba Europa League fún Porto ní 2011, lẹ́ni ọdún 33.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló ń ka ìwé ọmọdé. Mo kọ irú rẹ̀ nígbà èwe mi, ojú ewé mẹ́rin, mo fún akọ́nimọ̀ọ́gbá kan. Lọ́jọ́ kejì mo rí i lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi di ẹ̀pà. Ẹ̀pà yẹn kọ́ ló dùn mí títí dòní. Ohun tó dùn mí ni pé ọdún mẹ́ta gbáko ni mi ò fi kọ nǹkan kan mọ́.

Ẹ̀yin kan bú José Peseiro, akọ́nimọ̀ọ́gbá Super Eagles nígbà náà, lálẹ́ ọjọ́ tí a pàdánù àṣekágbá ife Áfíríkà ní Abidjan ní 2024. Mo gbà pé a fàyè sílẹ̀ jù ní abala kejì. Troost-Ekong tiwa fi orí kàn án wọlé, àdúgbò hó. Kessié ti Côte d'Ivoire dá a padà, Haller tiwọn gbá èkejì wọlé. Ṣé ẹ mọ̀ pé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin yìí rí? Ní 2005, Sporting tirẹ̀ wà ní àṣekágbá UEFA Cup, nínú pápá ara wọn ní Lisbon. Àwọn ló kọ́kọ́ gbá a wọlé, CSKA Moscow sì nà wọ́n 3-1. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ṣiṣẹ́ ní Saudi Arabia, ní Íjíbítì, ní Venezuela, kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 19 ló wà láàárín àṣekágbá méjèèjì, kò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ò lè bú u.

Ìwọ tí orúnkún ń dùn, bọ́ sí apá òsì pápá ní Sátidé yìí. Ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì fún wa máa ń sá síwájú, kì í sì í tètè padà. Ka iye ìgbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀, kọ ẹni tó yẹ kó dí àyè náà. Mú ìwé náà wá fún mi lẹ́yìn eré. Màá kà á lójú rẹ.

Èmi ni,
Bàbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá