Wẹ́ẹ̀bù kọ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo rí i kà nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé Tim Berners-Lee ló dá íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní 1989. Mo ka á sókè fún ìyàwó mi, ẹni tó gba owó fún ọdún méje ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì wa ní Lagere. Ó ní bí n ò bá kọ̀wé sí yín, òun á kọ ọ́.

Iṣẹ́ ọkùnrin yẹn kò kéré o. Òun ló gbé wẹ́ẹ̀bù, ìyẹn àwọn ojú ìwé tí à ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kalẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì kan lẹ́bàá Geneva. Ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ọ̀nà tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ tí wẹ́ẹ̀bù ń tọ̀, ti tó ogún ọdún nílẹ̀ kí wẹ́ẹ̀bù tó dé. Alẹ́ ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, 1969, ni wọ́n so kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì UCLA, Los Angeles, mọ́ òmíràn ní Stanford Research Institute. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Charley Kline fẹ́ tẹ LOGIN, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé sórí kọ̀ǹpútà kejì. L dé, O dé. Bó ṣe kan G, ẹ̀rọ ọ̀hún dákú. Ó tó bíi wákàtí kan kí wọ́n tó rí i ṣe. Gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì àṣemọ́jú lọ́wọ́ mi rí á sọ fún yín pé ìwà yẹn ò tíì fi í sílẹ̀!

Ní 1971, Ray Tomlinson ti fi í-meèlì ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí èkejì, òun ló sì mú àmì @ sí i. Ta ló gbọ́ wẹ́ẹ̀bù nígbà yẹn?

Èmi gan-an rí i. Ní 2000, kí n tó ra díìṣì, wáyà tẹlifóònù la fi ń pe íntánẹ́ẹ̀tì, ilé iṣẹ́ tó ń tà á fún wa sì ń ka ìṣẹ́jú bí ẹni ń ka ẹ̀wà. (N ò ní dárúkọ wọn.) Màmá kan ń wá láti Mọ̀ọ́rè ní gbogbo Sátidé, ọmọ wọn wà ní Jámánì. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n á ti ní, "Ọmọ mi, ṣé ó ti dáhùn?" Màá pe láìnì, màá fi ètò í-meèlì tó ń jẹ́ Outlook Express fa lẹ́tà wọlé, màá já láìnì kíákíá, ká tó wá tẹ̀ ẹ́ síwèé. Mo ń kà á fún wọn, wọ́n ń fi gèlè nu ojú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ká ìwé náà kékeré, wọ́n á fi í sí ẹ̀gbẹ́ owó wọn nínú tòbí. A ò ṣí ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ ohùn ọmọ wọn dé Ifẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lẹ́bàá Abidjan, àwọn ọmọdé àdúgbò wa ń sọ pé Google ti kú. Ọ̀nà ló já.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un ṣe nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀. Ìyàwó mi ti ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀.

Èmi ni tiyín,
Oníkafé tẹ́lẹ̀ rí, Lagere, Ilé-Ifẹ̀