Páàtì omi tá a ṣe lẹ́yìnkùlé

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́, bàbá wọn ńkọ́? Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ̀wé sí ẹ, àmọ́ o mọ bí ilé ṣe máa ń rí tí ọjọ́ ìbí ọmọ bá ti ń sún mọ́lé. Àkọ́bí mi ti pé ọdún 6 o! Ìwọ tó o gbé e nígbà tí ọrùn ẹ̀ ò tíì le. Ó ní òun ò fẹ́ páàtì inú ilé rárá, omi lòun fẹ́, káwọn ọ̀rẹ́ òun wá ṣeré omi lẹ́yìnkùlé, la bá gbà fún un.

Ọmọ 11 ló wá. Bàlúùnù omi ló kọ́kọ́ wà lọ́kàn mi, mo fẹ́ rọ omi sínú bíi 100, àmọ́ kí n tó so 10 àkọ́kọ́ tán ìka ti ń ro mí, àwọn tó bẹ́ sì ti fọ́n ká sínú koríko, ni mo bá rántí pé àfọ́kù bàlúùnù tètè máa ń há ọmọdé lọ́fun, àbúrò ẹ̀ tí ò tíì pé ọdún 2 sì rèé, kò sóhun tó rí nílẹ̀ tí kì í kì bọ ẹnu. Mo ṣa gbogbo ẹ̀ dànù. Fóòmù tá a fi ń fọ abọ́ ni mo wá gé tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo kó 8 pọ̀, mo fi rọ́bà dè é láàárín dáadáa, ó ṣù bíi bọ́ọ̀lù. Ọ̀rẹ́ mi, ìyẹn dáa ju bàlúùnù lọ! Wọ́n á rì í bọ bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sọ ọ́ luni, pàà! omi á tú ká, kò ní dunni, wọ́n á tún ṣa á, wọ́n á tún rì í.

A tún ní kí wọ́n tò sí ìlà méjì, mo lu ihò sídìí ife ike, wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á gbé e lérí sáré lọ dà á sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, omi á máa ro sí wọn lójú, ẹ̀rín ò ní jẹ́ kí wọ́n lè sáré.

Àmọ́ ohun tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé gan-an rèé, torí o ní ìwọ náà fẹ́ ṣe é fún ọmọ ẹ. A fẹ́ atẹ́gùn sínú ike ìwẹ̀ ńlá kan fáwọn kékeré, omi inú ẹ̀ ò ju kókósẹ̀ lọ. Àgbà mẹ́fà la dúró síbẹ̀, oníkálukú rò pé ẹlòmíì ń wo àwọn ọmọ, a kọjú sí ọlọ́jọ́ ìbí, à ń ya fọ́tò. Àbúrò mi obìnrin ló ṣáà bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi kékeré ti dojú bolẹ̀ nínú omi, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì tẹ́ pẹrẹsẹ, kò pariwo, kò ta omi, kẹ́kẹ́ pa. Ó fà á yọ, ọmọ wúkọ́, ó ké, àyà mi já pátápátá. Omi sẹ̀ǹtímítà 5 péré tó láti pa ọmọ kékeré, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, síbẹ̀ mo kẹ̀yìn sí i.

Látìgbà yẹn la ti mú fìlà pupa kan, ẹni tó bá dé e kò gbọdọ̀ mú fóònù dání, kò gbọdọ̀ bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀, omi nìkan lá máa wò fún 15 mínìítì, lẹ́yìn náà á fi ọwọ́ ara ẹ̀ dé e fún ẹlòmíì. Jọ̀ọ́, ṣe bẹ́ẹ̀. Kó o sì máa fọwọ́ kan omi họ́ọ̀sì kó o tó wọ́n ọn sí wọn, èyí tó ti sùn nínú oòrùn máa ń gbóná débi tó lè bó ọmọ lára.

Báwọn àlejò ṣe lọ tán la da omi ike yẹn nù, a sì dojú ẹ̀ dé. Ọlọ́jọ́ ìbí sùn tòun ti bọ́ọ̀lù fóòmù lọ́wọ́, ó ti fi rẹ tìmùtìmù. Kọ̀wé tó o bá ti mú ọjọ́ o, màá gé fóòmù tìẹ ránṣẹ́.

Èmi ni,
ọ̀rẹ́ ẹ tòótọ́.