Lẹ́tà sí Bísí lórí ọ̀rọ̀ dùùrù

Aké,
Abẹ́òkúta.

Bísí ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Fídíò tó o fi ránṣẹ́ láti Philadelphia dé ọwọ́ mi, mo sì ti wò ó tó ìgbà mẹ́fà. Dùùrù kan ṣoṣo, páìpù tó lé ní 28,000! Ṣé wọ́n sọ fún ẹ pé St. Louis ni wọ́n ti kó o wá, níbi ìpàtẹ ńlá ọdún 1904? Wágúnù ojú irin 13 ló kó ẹrù rẹ̀. Ìwọ wá ń bi mí pé kí ni mo tún ń wá lára nǹkan tí kíbọ́ọ̀dù lè sín jẹ.

Jẹ́ kí n ròyìn Sọ́ńdè tó kọjá fún ẹ. A wà ní ẹsẹ kẹta orin nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́ wẹ́lo, àwọn obìnrin ṣìnà, àwọn tẹ́nọ̀ náà tẹ̀lé wọn. Bàbá atẹdùùrù wa àtijọ́ bá dìde, ó ṣí dùùrù ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní kọ̀rọ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́: fìì, fìì, fìì. Ohùn jáde, ó há díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń mú, ṣùgbọ́n ó gbé wa dé Àmín. Lẹ́yìn ìsìn, mo bá Bàbá tú ẹ̀yìn rẹ̀. Eku ti jẹ awọ ẹwìrì rẹ̀ lápá kan.

Lóòótọ́, tiwa ò ní páìpù. Idẹ pẹlẹbẹ ló ń gbọ̀n nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹwìrì náà ni, bíi ti alágbẹ̀dẹ. Ti onípáìpù, fèrè ni gbogbo wọn, fèrè kan, ohùn kan. Tó o bá fẹ́ kí ohùn náà sọ̀ kalẹ̀ láti dò kan sí dò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, àfi kó o sọ gígùn rẹ̀ di ìlọ́po méjì: ẹsẹ̀ bàtà 8, 16, 32. Ti 32 yẹn, ìjókòó tó o wà lórí rẹ̀ á ti gbọ̀n kí etí rẹ tó mọ̀ pé orin ni.

Ó sì ti pẹ́ láyé. Ktesibios ará Alexandria ní Íjíbítì ló ṣe àkọ́kọ́ ní ohun tó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn. Omi ló fi dí afẹ́fẹ́ mú kó má baà máa ṣe ségesège. Gbàgede eré àwọn ará Róòmù àti ààfin ọba ló ti kọ́kọ́ gbayì (àlùfáà wa ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn). Lọ́dún 757, ọba Constantinople fi ọ̀kan ta Pepin, ọba àwọn Frank, lọ́rẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ṣọ́ọ̀ṣì sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ọmọ tiwa náà tẹ̀ ẹ́. Fẹ́lá Ṣówándé kọrin ní kúáyà Kàtídírà Marina l'Ékòó lọ́mọdé, T.K.E. Phillips, atẹdùùrù ibẹ̀, ló kọ́ ọ. Lọ́dún 1943 ó gba oyè tó ga jù táwọn atẹdùùrù ń gbà ní London, ó sì gbé ohùn orin Yorùbá sórí dùùrù.

Mo fẹ́ rán ẹ níṣẹ́ kan. Tó o bá tún débẹ̀, wá àwọn tó ń tún un ṣe, kó o bi wọ́n gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ awọ mọ́ ẹwìrì. Awọ ò wọ́n wa ní Láfẹ́ńwá. Bàbá ní kí n kí ẹ, ó ní ṣé o ṣì ń sáré ju dùùrù lọ.

Èmi ni,
Délé