Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ìbàdí ọmọ ìkókó lásìkò kónílé-ó-gbélé

Ìkòròdú, Ìpínlẹ̀ Èkó

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ibẹ̀ o. Ilé ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́?

O béèrè ohun tó yẹ ká mú dání bí àjàkálẹ̀ àrùn bá tún sé ọ̀nà mọ́ wa. Ìbàdí ọmọ ìkókó ló ká mi lára jù, ìyẹn èyí tí orí eegun itan kì í dúró dáadáa nínú kòtò rẹ̀, torí kì í dun ọmọ, ìyá kì í sì í tètè fura.

Lọ́dọ̀ yín ní England, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí 72 tó pé, wọ́n á tún un wò ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Ọwọ́ la fi ń ṣe é: ká ká orúnkún ọmọ, ká rọra ya itan, ká mọ̀ bóyá orí eegun ń yọ́ jáde nínú kòtò rẹ̀. Fóònù ò lè ṣe ìyẹn. Kónílé-ó-gbélé Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 30 oṣù kẹta 2020, ó di 4 oṣù karùn-ún kí wọ́n tó dẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí wọ́n bí ní nǹkan bí ìdajì oṣù kẹta, inú kónílé-ó-gbélé yẹn gan-an ni ọ̀sẹ̀ kẹfà rẹ̀ bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti wà nínú bẹ́líìtì Pavlik, bẹ́líìtì olókùn tó ń ká ẹsẹ̀ ọmọ tó sì ń ya itan rẹ̀ kí orí eegun lè jókòó sínú kòtò, ni kò gbọ́dọ̀ dúró rárá. Ọmọ ń dàgbà, bẹ́líìtì kì í dàgbà; láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló yẹ ká máa tún un dè. Bí okùn iwájú bá fún jù, á tẹ iṣan tó ń na orúnkún, ọmọ ò ní ju ẹsẹ̀ yẹn mọ́. Bí okùn ẹ̀yìn bá fi ipá ya itan, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé orí eegun, eegun á sì kú. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin bá kọjá tí orí eegun ò wọlé, kí dókítà bọ́ ọ, torí á máa ba etí kòtò jẹ́. Nítorí náà, kódà bí ọ̀nà Mile 12 sí ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì bá dí, ká wá ọkọ̀ fún àwọn wọ̀nyí. Ká tún fi bírò tí kì í parẹ́ sàmì síbi tí okùn kọ̀ọ̀kan dé, kí ìyá lè ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́, àti ti orúnkún méjèèjì bó ṣe ń jù wọ́n.

Ti àwọn ọmọ tuntun, ká so àyẹ̀wò ìbàdí wọn mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá, ìkẹrìnlá. Nọ́ọ̀sì tó fẹ́ gún itan ọmọ ti tú u síhòòhò tẹ́lẹ̀! Kó kọ́kọ́ mú àwọn Ìgè, àwọn tó fi ìdí wáyé, àtàwọn tí ìbàdí òbí wọn ti ní irú rẹ̀ rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yíyọ́ yẹn kì í sábà hàn mọ́. Itan tí ò ya tó èkejì ni kó wá, tàbí orúnkún kan tó rẹlẹ̀.

Jọ̀ọ́, bá mi sọ fáwọn ìyá ìkókó wa níbẹ̀: kí wọ́n má na ẹsẹ̀ ọmọ gbọọrọ kí wọ́n wé e pinpin torí òtútù. Kí wọ́n pọ̀n ọ́n, kí itan yà.

Kọ̀wé sí mi nípa bí ẹ ṣe ń wá àwọn tó pàdánù àyẹ̀wò wọn rí, torí káàdì àjẹsára tiwa ò láàyè fún ìbàdí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Ìyábọ̀