Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì wa rè é

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni òtútù? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Mo rí àwọn fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, o ti sanra, ó sì yẹ ọ́. Àbúrò mi ti bímọ, obìnrin ni, ìyá àti ọmọ wà ní àlàáfíà. Àárò rẹ ń sọ mí gan-an.

Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé lónìí. Ọ́fíìsì owó orí tí o fi sílẹ̀ kọ́ ni èyí mọ́. O rántí bí ariwo wa ṣe máa ń gba gbogbo àjà kejì láàárọ̀? Ní báyìí, oníkálukú á wọlé, á kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí. Lẹ́yìn tí o lọ, àwọn mìíràn náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọn ò gba ẹnikẹ́ni rọ́pò wọn, àwa la sì ń ṣe iṣẹ́ wọn mọ́ tiwa.

Wọ́n ti pa ẹ̀ka wa pọ̀ mọ́ ti àwọn ayẹ̀wéwò. Ọ̀gá àgbà sọ ní ìpàdé pé irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe lọ́dọ̀ yín ní Ìlú Ọba lọ́hùn-ún ní 2005, nígbà tí wọ́n da Inland Revenue tó ń gba owó orí àti Customs and Excise tó ń gba owó ibodè pọ̀ di àjọ kan ṣoṣo, HMRC. Òótọ́ ni. Wọn ò kàn mẹ́nu ba ti 2007, tí dísìkì méjì tó kó orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà báǹkì àwọn èèyàn sínú sọnù níbi tí wọ́n ti ń fi wọ́n ránṣẹ́ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ èèyàn mílíọ̀nù 25 ló wà níbẹ̀! Paul Gray tó jẹ́ olórí ibẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí, ìgbà tí ìwádìí jáde ní 2008 ló tó hàn pé ètò iṣẹ́ gan-an ni kò dáa. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Tí ọkàn òṣìṣẹ́ bá ti kúrò nídìí iṣẹ́, àṣìṣe ò jìnnà, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ mú.

Owó oṣù ò tó, ìyẹn o mọ̀. Àmọ́ tágẹ́ẹ̀tì yìí ló ń pa wá jù. Iye fáìlì tí o bá pa dé ni wọ́n ń kà, wọn kì í béèrè bóyá ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ yanjú. Ẹni tó bá sáré pa á dé, asanwó-orí á tún gbé ẹjọ́ kan náà padà wá, wọ́n á sì kà á ní fáìlì tuntun fún ẹni tó tún pa á dé. Ṣé iṣẹ́ nìyẹn?

Opó kan wá bá Ìyá Ìbejì. Ọkọ ẹ̀ ti kú, síbẹ̀ ìwé owó orí ò yéé wá lórúkọ ọkọ, ìtanràn ń gorí ìtanràn. Ìyá Ìbejì fún un ní àga, wọ́n tú fáìlì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń fi pẹ́ńsù wọn yẹn kọ déètì sí etí ìwé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tó yá, wọ́n bá ìwé ẹ̀rí ikú ọkùnrin náà nínú fáìlì. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò kàn sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sórí kọ̀ǹpútà ni. Odindi àárọ̀ ló gbà wọ́n, ìtanràn náà sì kúrò. Fáìlì kan ni wọ́n kà fún wọn. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, orúkọ wọn wà lára ògiri pẹ̀lú íǹkì pupa, láàárín àwọn tí iṣẹ́ wọn ò tó. Ìyá Ìbejì, Àbẹ̀kẹ́! Ẹni tó kọ́ èmi àtìwọ níṣẹ́!

Mo lọ bá ọ̀gá. Wọ́n ní ìlànà ni, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Láti ìgbà náà, Ìyá Ìbejì ń sáré pa fáìlì dé bíi ti gbogbo èèyàn. Wọn ò kọ nǹkan kan sí etí ìwé mọ́. Inú ọ̀gá ń dùn, èmi ni inú mi bà jẹ́.

Jọ̀ọ́, bá mi pe Ìyá Ìbejì. Mo gbọ́ pé wọ́n ti kọ ìwé ìfiṣẹ́sílẹ̀, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀, ìfẹ̀yìntì wọn ò sì jìnnà mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe alábòójútó, bí èèyàn ọ̀gá ni wọ́n ṣe ń wò mí, wọn ò gbọ́ tèmi. Wọ́n á gbọ́ tìẹ. Sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n máa pàdánù. Ẹ̀ka tó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tuntun náà ń wá èèyàn, wọ́n lè béèrè pé kí wọ́n gbé àwọn lọ síbẹ̀. Kò burú tí wọ́n bá mọ̀ pé èmi ni mo sọ fún ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń ráyè. Tí o bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ tán, pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó.

Èmi ni,
Àdùkẹ́ rẹ