Ẹ má yọ Lewala kúrò nínú ìtàn Kolmanskop

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ìròyìn yín nípa àwọn ilé àtijọ́ ní Kolmanskop, ìlú awakùsà tó ti dahoro nínú aṣálẹ̀ Namib, ní Nàmíbíà. Kò tọ́ kí a ròyìn ilé àwọn ọ̀gá, kí a má dárúkọ ẹni tó rí dáyámọ́ńdì ibẹ̀.

Zacharias Lewala ni, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń kó yanrìn kúrò lójú irin lọ́dún 1908. Ó mú òkúta tó ń dán lọ fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch di olówó rẹpẹtẹ. Lewala kò rí nǹkan kan gbà.

Lóòótọ́, àwọn ilé náà tó wò: ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn eré, ilé iṣẹ́ yìnyín, nínú aṣálẹ̀ tí kò lómi! Yanrìn ti wọ inú yàrá, ó há ilẹ̀kùn mọ́ ibi tó ṣí sí, ọ̀dà ara ògiri sì ṣì hàn lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ tó ń rá kòrò lórí yanrìn láti ṣa dáyámọ́ńdì ńkọ́? Inú bárékè ni wọ́n ń sùn.

Ní Lüderitz nítòsí ibẹ̀, ní Shark Island, ni ìjọba Jámánì, tó ń ṣàkóso Nàmíbíà nígbà náà, há àwọn ènìyàn ẹ̀yà Herero àti Nama mọ́ láàárín 1905 sí 1907, tí ọ̀pọ̀ wọn kú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí kún un bí ẹ bá tún kọ nípa ìlú náà.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn, Ìbàdàn