Àyà jíjá kì í ṣe ojo

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí bọ́ọ̀sì ti dojú dé pẹ̀lú àbúrò mi, bó bá ti dé ibùdókọ̀ báyìí, àyà rẹ̀ á máa já, òógùn á bò ó, ọwọ́ á máa gbọ̀n. Oṣù méje rèé tí kò ti dé ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn ará ilé ní ojo ni. Rárá o! Ìbẹ̀rù tó ń mú wa sá fún ejò, ààbò ni. Èyí tó gba oorun lójú ẹni, tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni fún ọ̀pọ̀ oṣù, ti dókítà ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú ní Aro, l'Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti àbúrò mi ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan,
Ṣágámù